Bí ẹ ṣe lè dìbò lórí àbá òfin ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láì ṣi ìbò yín dì

Orúkọ ààrẹ tàbí gómìnà kì í ṣòro láti sàmì sí. Ibi tí bírò ti máa ń dúró lọ́wọ́ èèyàn ni ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ìwé ìdìbò, níbi tí wọ́n to àwọn àbá òfin ìpínlẹ̀ sí: nọ́ńbà kan, gbólóhùn gígùn kan, Yes, No. Ẹni tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí gbólóhùn náà á fò ó, tàbí kó sàmì sí èyí tí ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n ti kọ́ ọ. Èyí tó dunni jù ni ti ẹni tó sàmì sí Yes nígbà tó jẹ́ pé No gan-an ló wà lọ́kàn rẹ̀, tí kò sì ní mọ̀ láé pé òun ṣì í.

Àbá 10 ló wà lórí ìwé ìdìbò California ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. 17 ló wà lórí ti Texas ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Kò sí ẹni tó lè ro iye yẹn já lórí ìdúró. Ilé lẹ ti máa pinnu, kẹ́ ẹ kàn da ìpinnu yín kọ tẹ́ ẹ bá dé ibi ìdìbò.

California la máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù níbí, torí pé ìwé àlàyé tó ń fún olùdìbò kún dáadáa. A máa ń yà sí Texas nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó wà ní Houston àti Dallas, a ó sì dárúkọ ìpínlẹ̀ mìíràn níbi tí òfin wọn bá ti yàtọ̀.

Ohun tí ẹ máa nílò

Àkọ́kọ́ ni jíjẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi eléyìí ṣeré. Ẹni tó ní green card kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lórí àbá ìpínlẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó níbẹ̀, bó ti wù kó ti san owó orí tó. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣe láísẹ́ǹsì ọkọ̀ lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Bí ẹ kò bá tíì búra gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú, ẹ sọ pé rárá, kẹ́ ẹ sì wo fọ́ọ̀mù náà dáadáa kẹ́ ẹ tó buwọ́ lù ú. Wọ́n ti lè tìtorí ìbò ẹyọ kan lé èèyàn padà sílé.

Lẹ́yìn èyí:

- Orúkọ yín nínú ìwé olùdìbò. Ní Texas, ọjọ́ 30 ṣáájú ìdìbò ni gbèdéke. Ní California, ọjọ́ 15 ni, àmọ́ ẹni tó bá pẹ́ ṣì lè forúkọ sílẹ̀ lójúkojú títí di ọjọ́ ìdìbò gan-an.
- Ìwé àlàyé àwọn àbá. Ti California ń jẹ́ Official Voter Information Guide, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n sì sábà máa ń fi ránṣẹ́ sí ilé kan, kódà bí olùdìbò mẹ́rin bá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí àpótí lẹ́tà kò gbọ́dọ̀ dà á sínú pàǹtírí. Ní Texas, ẹ wá ìtúpalẹ̀ tí Texas Legislative Council ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.
- Àpẹẹrẹ ìwé ìdìbò ti kaúntì yín.
- Bébà kan, bírò kan, àti nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú fún àbá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ka gbogbo rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ibi tí àbá náà ti wá

Ọ̀nà mẹ́ta ni àbá ń gbà dé orí ìwé ìdìbò California. Ilé aṣòfin lè gbé e wá. Aráàlú lè gba ìbuwọ́lùwé jọ láti dá òfin tuntun sílẹ̀: lẹ́yìn ìdìbò gómìnà ọdún 2022, òfin lásán ń béèrè ìbuwọ́lùwé 546,651, àtúnṣe sí ìwé òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ sì ń béèrè 874,641. Ẹ̀kẹta ni referendum: ilé aṣòfin ti ṣòfin, gómìnà ti buwọ́ lù ú, àmọ́ ẹnì kan kó ìbuwọ́lùwé jọ pé kí aráàlú pinnu bóyá kí òfin náà dúró. Ti Texas kò le: ilé aṣòfin nìkan ló ń gbé e wá, pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì, àtúnṣe sí ìwé òfin ìpìlẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀.

Ìdí tó fi yẹ kẹ́ ẹ mọ irú èyí tó jẹ́ ni pé òfin tí aráàlú California bá fi ìbò ṣe, ilé aṣòfin kò lè yí i padà àfi bí àbá náà fúnra rẹ̀ bá gbà wọ́n láyè. Prop 22 ti ọdún 2020 (Prop ni ìkékúrú Proposition, ìyẹn àbá), tó sọ àwọn awakọ̀ orí áàpù di aṣiṣẹ́-fúnra-wọn, béèrè ìdá méje nínú mẹ́jọ ilé aṣòfin kí wọ́n tó lè tún un ṣe. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọn ò lè fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá rí irú ìdè bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí àṣìṣe tó bá wà nínú òfin náà máa pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ yẹ ara yín wò: lórí bébà yín, ẹ kọ nọ́ńbà àbá náà àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: aṣòfin, aráàlú, tàbí referendum. Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ padà sí ìwé àlàyé.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ohun tí Yes máa ṣe kẹ́ ẹ tó bi ara yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ

Ibí ni ìbò ti ń bàjẹ́ jù. Ẹ má yára.

Àṣà kan wà láàárín àwọn olùdìbò pé bí ọ̀rọ̀ bá rú wọn lójú, No ló láàbò, torí pé No máa fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà. Lórí àbá tuntun, òótọ́ ni. Lórí referendum, irọ́ ni: No ló ń pa òfin tó ti wà nílẹ̀ rẹ́, Yes ló ń dá a sí.

Ẹ wo Prop 31 ti ọdún 2022. Ní ọdún 2020, ìpínlẹ̀ California ṣòfin pé kí àwọn ṣọ́ọ̀bù má ta ọ̀pọ̀ irú tábà tí wọ́n fi adùn èso tàbí mint sí mọ́. Àwọn iléeṣẹ́ tábà kó ìbuwọ́lùwé jọ, òfin náà sì dúró sójú kan títí di ọjọ́ ìdìbò. Ẹni tó kórìíra tábà tó sì rí ọ̀rọ̀ “tábà” lórí ìwé ìdìbò lè rò pé No lòun máa tẹ̀ láti kọ tábà. Ṣùgbọ́n Yes ló ń ti òfin tó dènà tábà náà lẹ́yìn, No ló máa dá tábà aládùn padà sórí àtẹ. Yes ló borí, nǹkan bí ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún méjì ṣáájú rẹ̀, ní Prop 25, No ló borí, òfin tó fẹ́ fòpin sí cash bail, ìyẹn owó tí ẹni tí wọ́n mú máa ń san kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ de ọjọ́ ẹjọ́, sì kú kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Nínú ìwé àlàyé California, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ohun tí ìbò Yes túmọ̀ sí àti ohun tí ìbò No túmọ̀ sí. Kì í ju gbólóhùn kan tàbí méjì lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá kọ ọ́ lédè tiyín, lọ́nà yìí:

“Bí Yes bá wọlé, láti ọjọ́ báyìí, lágbájá ò ní lè … mọ́.”
“Bí No bá wọlé, lágbájá á ṣì máa …”

Ẹ fi Yorùbá kọ ọ́. Bí gbólóhùn kan kò bá ṣeé sọ lédè tí ẹ fi ń rajà lọ́jà, ó ṣeé ṣe kó má tíì yé yín. Ní Texas, ohun tó wà lórí ìwé ni For àti Against, kì í ṣe Yes àti No, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ òfin tó fara pamọ́. Ní ọdún 2024, Prop 6 ní California fẹ́ fòpin sí fífi ipá mú ẹlẹ́wọ̀n ṣiṣẹ́. Gbólóhùn àwọn agbẹjọ́rò ni wọ́n lò lórí ìwé ìdìbò, “involuntary servitude”, ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ lẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àtakò sínú ìwé àlàyé, síbẹ̀ àbá náà ṣubú. Lọ́jọ́ kan náà ní Nevada, àbá tó jọ ọ́, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ “slavery”, ìyẹn oko ẹrú, sínú rẹ̀, wọlé. A ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ó tó kéèyàn máa fura sí ọ̀rọ̀ tí kò bá yé e. Bí ẹ bá pàdé irú rẹ̀, ẹ má méfò. Ẹ wá ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìtúpalẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ yẹ ara yín wò: ẹ ka gbólóhùn méjèèjì sétí ẹnì kan nínú ilé tí kò tíì ka nǹkan kan nípa àbá náà, kẹ́ ẹ sì bi í pé, “Bí ẹ bá fẹ́ kí lágbájá ṣì máa rí báyìí, èwo lẹ máa tẹ̀?” Bó bá dáhùn pẹ̀lú ìdánilójú, tó sì tọ̀nà, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bó bá ní kẹ́ ẹ tún un sọ, ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣírò owó rẹ̀

Ní California, àwọn tó ń ṣe ìṣirò yìí ni Legislative Analyst's Office, ọ́fíìsì tó ń ṣe ìtúpalẹ̀ owó fún ilé aṣòfin. Wọn kì í ti àbá kankan lẹ́yìn, wọn kì í sì í takò ó. Nínú gbogbo ìwé àlàyé náà, bí àkókò yín bá tó fún abala kan ṣoṣo, tiwọn ni kẹ́ ẹ kà.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ jù ni owó yíyá, èyí tí wọ́n ń pè ní bond. Prop 2 ti ọdún 2024 yá bílíọ̀nù dọ́là 10 fún àtúnṣe iléèwé. Bílíọ̀nù 10 ni ìpolówó sọ. Ohun tí ìṣirò sọ ni nǹkan bí mílíọ̀nù 500 lọ́dọọdún fún ọdún 35. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀: 500 lọ́nà 35 jẹ́ mílíọ̀nù 17,500, ìyẹn bílíọ̀nù 17.5. Bílíọ̀nù 7.5 tó lé ni èlé. Àmọ́ ẹ fi òdodo ṣe é: mílíọ̀nù 500 lọ́dún kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣúná ìpínlẹ̀ tó lé ní bílíọ̀nù 200, owó tí wọ́n sì máa san lọ́dún kẹtàlélọ́gbọ̀n kò ní níye lórí tó tòní. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ máa tọ́jọ́ tó gbèsè náà. Òrùlé iléèwé lè tọ́ ọdún 35. Ètò tó máa parí lọ́dún mẹ́ta kò yẹ lóhun tí à ń san gbèsè rẹ̀ fún ìran kan.

Àṣìṣe mìíràn ni kí onílé rò pé bond ìpínlẹ̀ máa fi kún owó orí ilé òun. Rárá o. Inú àpò gbogbogbòò ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń san án. Bond ti àgbègbè iléèwé tàbí kaúntì, tó máa ń wà lórí ìwé ìdìbò kan náà, ni wọ́n ń gbà lórí ilé. Ẹ wo orí ọ̀rọ̀ tó wà lókè ibi tí wọ́n to ó sí, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ti ìpínlẹ̀ ni tàbí ti ìlú.

Ní Texas, owó orí ilé ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí. Ní ọdún 2023, Prop 4 gbé iye tí wọ́n ń yọ kúrò nínú iye ilé tí onílé ń gbé, nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò owó orí iléèwé, láti 40,000 dọ́là sí 100,000. Prop 13 ti ọdún 2025 gbé e sí 140,000. Ká ní ilé yín tó 300,000 dọ́là, tí iléèwé ń gba dọ́là kan lórí ọgọ́rùn-ún: tẹ́lẹ̀, 200,000 ni wọ́n ń ṣírò, ẹ ó san 2,000. Báyìí, 160,000 ni, ẹ ó san 1,600. 400 dọ́là lẹ jèrè lọ́dún. Ayálégbé kò jèrè rẹ̀ tààrà, àpò ìpínlẹ̀ ló sì ń dí àlàfo náà fún àwọn iléèwé.

Ẹ yẹ ara yín wò: ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀, iye owó, iye ọdún, àti ẹni tó máa san án. Bí ẹ̀kẹta bá ṣófo, iṣẹ́ yín kò tíì parí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo ẹni tó ń náwó sí i

Orúkọ ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ìpolówó kì í sọ òótọ́ pátápátá. Òfin California ní kí ìpolówó lórí àbá dárúkọ àwọn mẹ́ta tó fowó sílẹ̀ jù nínú àwọn tó fi 50,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Àwọn lẹ́tà tíntìntín yẹn ni kẹ́ ẹ kà, ẹ fi orin àti àwòrán sílẹ̀. Prop 27 ti ọdún 2022 ní ìpolówó tó kún fún ọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò nílé. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi DraftKings àti FanDuel ló wà nídìí rẹ̀, ohun tó sì wà nínú òfin náà ni àyè láti máa ta tẹ́tẹ́ eré ìdárayá lórí fóònù, pẹ̀lú ìpín kan nínú owó orí rẹ̀ fún ilé àwọn tí kò nílé. Àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tó ní kasínò gbé Prop 26 tiwọn wá. Gbogbo wọn pọ̀, owó tó wọlé sí ìjà náà lé ní mílíọ̀nù dọ́là 400, àwọn olùdìbò sì da àbá méjèèjì nù.

Owó kò túmọ̀ sí pé àbá burú. Ó ń sọ fún yín ẹni tó máa jèrè. Ẹ wá bi ara yín bóyá èrè yẹn bá tiyín mu.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ka òfin náà gan-an, ó kéré tán ojú ewé kan

Nínú ìwé àlàyé California, ọ̀rọ̀ tuntun máa ń wà ní lẹ́tà tó dà sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ yọ sì ní ìlà láàárín. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tí wọ́n fẹ́ yọ, torí ìpolówó kì í sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa dópin, bó bá ní.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ mọ iye ìbò tó tó

Ní California àti Texas, kí ó ṣáà ju ìdajì lọ ti tó. Florida ń béèrè ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún àtúnṣe ìwé òfin ìpìlẹ̀: ní ọdún 2024, àtúnṣe lórí ẹ̀tọ́ oyún ṣíṣẹ́ gba bí 57, ó sì ṣubú. Colorado ń béèrè 55 kí wọ́n tó fi nǹkan tuntun sínú ìwé òfin ìpìlẹ̀. Ní Nevada, àtúnṣe tí aráàlú bá gbé wá gbọ́dọ̀ borí nínú ìdìbò méjì léra; Question 3 (Question ni wọ́n ń pe àbá níbẹ̀) borí ní 2022, ó ṣubú ní 2024, ó parí síbẹ̀.

Minnesota ló yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Níbẹ̀, bí ẹ bá fo àtúnṣe ìwé òfin ìpìlẹ̀ láì sàmì, No ni wọ́n kà á sí. Ní California, fífò kò ní ipa kankan lórí àbá náà, kò sì ba ìyókù ìwé ìdìbò yín jẹ́. Ẹ lè fo èyí tí kò bá yé yín láì fòyà.

Ní California bákan náà, bí àbá méjì tó tako ara wọn bá wọlé lọ́jọ́ kan náà, èyí tí Yes rẹ̀ pọ̀ jù ló máa borí níbi tí wọ́n ti forí gbárí. Ẹni tó bá tẹ Yes fún méjèèjì lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa èyí tó fẹ́ràn jù.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ sàmì, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n kà á

Ẹ kọ ìpinnu yín sórí bébà kan ṣoṣo, nọ́ńbà àti Yes tàbí No, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Texas, fóònù kò gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín láàárín ẹsẹ̀ bàtà 100 sí ibi tí wọ́n ti ń dìbò, nítorí náà àkọsílẹ̀ orí fóònù kò wúlò níbẹ̀. Bébà ni.

Òfin àpapọ̀ tó ń mú kí wọ́n tẹ ìwé ìdìbò lédè mìíràn kò kan èdè Áfíríkà, ẹ má retí ti Yorùbá. Bí màmá tàbí bàbá kò bá lè ka ìwé náà, òfin gbà wọ́n láyè láti mú ẹni tó wù wọ́n wọlé, yàtọ̀ sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn àti aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn. Ní Texas, olùrànlọ́wọ́ máa búra, á sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ ni láti ka ọ̀rọ̀ náà, kó túmọ̀ rẹ̀, kó sì sàmì síbi tí màmá bá ní kó sàmì sí, bí èrò tirẹ̀ bá tilẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ fi bírò dúdú tàbí búlúù kún ibi àmì náà tán. Ẹ má fi lílà kan fà á. Bí ẹ bá ṣì í, ẹ má pa á rẹ́, ẹ béèrè ìwé ìdìbò tuntun.

Ẹni tó bá ń dìbò nílé ní California gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ẹ̀yìn àpòòwé bó ṣe buwọ́ lu láísẹ́ǹsì rẹ̀. Ẹni tó ti yí ìbuwọ́lùwé padà lẹ́yìn ìgbéyàwó ni èyí ń bá jà jù. Bí kò bá bára mu, kaúntì á kọ̀wé sí i pé kó wá tún un ṣe, gbèdéke sì wà. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ ìdìbò. Ìfìwéránṣẹ́ ọ̀sán ọjọ́ yẹn lè gba òǹtẹ̀ ọjọ́ kejì, torí náà ẹ lọ jù ú sínú àpótí ìdìbò ti kaúntì bí ọjọ́ bá ti lọ.

Ẹ yẹ ara yín wò: ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí Where's My Ballot ti California, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí yín nígbà tí wọ́n bá gba ìwé yín àti nígbà tí wọ́n bá kà á. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹ ò rí èkejì, ẹ pe ọ́fíìsì ìdìbò kaúntì yín lọ́jọ́ náà.